Láti orí fàdákà dé inú èédú: ìtàn fótò dúdú-funfun tó wà lára ògiri ilé wa

Ìtàn ọba àti ìtàn ogun la sábà máa ń bá ara wa sọ. Ti òní yàtọ̀ díẹ̀. Ìtàn fótò àtijọ́ la fẹ́ sọ, èyí tí kò ní àwọ̀ kankan ju dúdú àti funfun lọ, tí bàbá àgbà jókòó sí pẹ̀lú agbádá, tí ìyá àgbà dúró tì í, tó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn àga.

Ìdí tí a fi ń sọ ọ́ rèé. Nígbà tí àgbàlagbà bá kú nínú ẹbí, a máa ń gbé irú fótò yìí lọ sí ìsọ̀ àwọn tó ń tẹ fótò. Wọn a fi ẹ̀rọ dà á kọ, wọn a tẹ̀ ẹ́ tóbi, a ó sì gbé e kọ́ sí pálọ̀. Ó dára lójú lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ padà wò ó lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin: funfun rẹ̀ ti pọ́n, dúdú rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé tàbí elése àlùkò. Bẹ́ẹ̀ fótò kékeré tí wọ́n yà ní 1955, tí a ti dá padà sínú àpótí, dúdú rẹ̀ ṣì dúdú. Ọmọ kú, bàbá ṣì wà láàyè. Ọ̀pọ̀ ẹbí ló máa ń sọ pé onítẹ̀wé ló rẹ́ àwọn jẹ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí ojú fótò náà rí ní ìtàn tó ju ọ̀rọ̀ ìrẹ́jẹ lọ.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kìíní ọdún 1839, Arago dìde láàárín àwọn onímọ̀ ní Académie des sciences ní Paris, ó kéde ohun tí Daguerre ṣe: àwòrán tí ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ yà sórí irin tí wọ́n fi fàdákà bò. Ẹyọ kan ṣoṣo ni irú àwòrán bẹ́ẹ̀, kò ní ẹ̀dà. Talbot, ará Gẹ̀ẹ́sì, ló wá ọ̀nà négátíìfù orí ìwé, tí a lè tipasẹ̀ rẹ̀ tẹ ẹ̀dà púpọ̀. Nígbà tó di àwọn ọdún 1880, ìwé tí wọ́n fi gélátíìnì àti iyọ̀ fàdákà pa lójú ti ń gba ọjà. Gélátíìnì yìí kò jìnnà sí wa. Òun ni ohun tó máa ń dì nínú ìkòkò tí a bá se awọ àti eegun ẹran pẹ́. Irú ìwé yìí ni àwọn onífótò wa lò ní gbogbo ìgbà tí ilẹ̀ yìí ń jẹ́ Dahomey, àti fún ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí ó di Bẹ̀nẹ̀ ní 1975.

Ohun kan wà tó yẹ ká mọ̀ nípa ìwé yẹn: dúdú tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe aró rárá. Irin ni. Fàdákà gidi ni, tó fọ́ sí wẹ́wẹ́ débi pé kò lè dán mọ́, tó wá dúdú. Ẹ wo ìyàtọ̀ rẹ̀ sí aṣọ aláró. Aṣọ aláró tí a bá ń sá sóòrùn lójoojúmọ́ yóò ṣá, nítorí oòrùn ń já ohun tó jẹ́ àwọ̀ nínú rẹ̀. Irin kò ní àwọ̀ tí oòrùn lè já báyẹn.

Ìyẹn kò sọ pé fótò fàdákà kì í bàjẹ́. Onífótò ní láti fi oògùn tí àwọn Faransé ń pè ní hyposulfite yọ iyọ̀ fàdákà tí ìmọ́lẹ̀ kò kàn, lẹ́yìn náà kó fi omi púpọ̀ fọ oògùn ọ̀hún kúrò lára ìwé. Níbi tí omi ti ṣọ̀wọ́n, tí oníbàárà sì dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ń retí fótò fún carte d'identité, fífọ̀ yẹn ni wọ́n máa ń gé kúrú. Ìdí nìyí tí ẹ fi lè rí fótò méjì tí wọ́n yà lọ́dún kan náà, tí ọ̀kan mọ́ rekete, tí èkejì sì ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Omi ló mú ìyàtọ̀ wá.

Ní Àjàṣẹ́, Joseph Moïse Agbodjélou wà lára àwọn tó sọ sítúdíò di iṣẹ́ ọlá. Ọmọ rẹ̀, Léonce Raphaël Agbodjélou, tí wọ́n bí ní 1965, gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, àwòrán aláwọ̀ tó yà nípa àwọn ará ìlú rẹ̀ sì ti dé àwọn ilé ìpàtẹ ní òkèèrè. Ní Kétu, orúkọ tí a kò lè fò ni Pierre Verger. Paris ni wọ́n ti bí i ní 1902, ó ń gbé Rolleiflex rẹ̀ kọ́rùn káàkiri ayé, ó dé ọ̀dọ̀ wa, kò sì lọ bí àlejò. Ní 1953 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ nífá ní Kétu, tí wọ́n sọ ọ́ ní Fátúmbí, Ifá tún un bí. Négátíìfù rẹ̀ tó lé ní 60,000 ń bẹ lónìí ní Salvador, ní Bahia ilẹ̀ Brazil, nínú ilé-iṣẹ́ tó dá sílẹ̀ ní 1988 láti máa tọ́jú wọn. Ó kú ní 1996, àwọn négátíìfù náà kò bá a lọ. Ẹni tó bá fẹ́ rí ojú àwọn ọlọ́rìṣà Kétu ìgbà náà dáadáa yóò rí i ní Bahia kó tó rí i ní Kétu. A kì í bínú sí Verger nítorí ìyẹn. Ó tọ́jú tirẹ̀. Ìbéèrè tó kù fún wa ni ti àwọn onífótò tiwa, tí négátíìfù wọn wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí ooru àti ìkún ń bá jà.

Kí a tó fi yàrá òkùnkùn sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká rántí pé àwọn onífótò ayé àtijọ́ náà mọ bí a ti ń tún àwòrán ṣe, láìsí kọ̀ǹpútà. Ní 1978, Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, kọ ohun tó rí ní Ìlá-Ọ̀ràngún sínú ìwé African Arts. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya fótò pa pọ̀, onífótò á ya èyí tó kù, á wá tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè jókòó pọ̀. Bí ó bá jẹ́ akọ àti abo, wọn á wọ ẹni tó kù ní aṣọ ọkùnrin, wọn á yà á, wọn á tún wọ̀ ọ́ ní aṣọ obìnrin. Ìyẹn ni a fi ń sọ pé fótò kì í ṣe ohun ṣeréṣeré lọ́dọ̀ wa. Iṣẹ́ tí ère ìbejì ń ṣe, ìwé fàdákà ti gbà á ṣe.

Àwòrán aláwọ̀ wá dé, ó sì lé dúdú-funfun jáde. Lábò aláwọ̀ pọ̀ sí i nílùú ńlá, ìwé fàdákà di ohun tí a ń wá kiri, yàrá òkùnkùn di yàrá ẹrù. Àwòrán aláwọ̀ ọ̀hún, aró ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ ṣègbéyàwó ní àwọn ọdún 1980, ẹ ṣí álíbọ́ọ̀mù yín, ẹ ó rí ohun tí à ń wí. Ará Amẹ́ríkà kan, Henry Wilhelm, fi ọ̀pọ̀ ọdún wọn bí àwọn àwọ̀ yìí ṣe ń ṣá, ó sì tẹ ìwé ńlá jáde lórí rẹ̀ ní 1993.

Ibi tí ìtàn kọ̀ǹpútà ti wọ̀ ọ́ dùn, nítorí pé ìṣòro tí ó bí i jọ tiwa. Graham Nash, olórin tí ayé mọ̀, tó tún ń ya fótò dúdú-funfun, fi négátíìfù àti fótò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ níwèé, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn sì sọnù lọ́nà. Àwọn àwòrán wẹ́wẹ́ orí ìwé ìṣàyẹ̀wò ló kù sí i lọ́wọ́. David Coons, tó ń ṣiṣẹ́ ní Disney, fi ẹ̀rọ da àwọn wẹ́wẹ́ yìí kọ sórí kọ̀ǹpútà, ó tún wọn ṣe, ó sì tẹ̀ wọ́n tóbi lórí ẹ̀rọ kan tí ń jẹ́ Iris. Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ti fótò; àwọn ilé ìtẹ̀wé ló ń fi í dán iṣẹ́ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ní 1990 Nash ra tirẹ̀ ní 126,000 dọ́là, ní 1991 òun àti Mac Holbert sì ṣí ilé-iṣẹ́ Nash Editions ní California. Jack Duganne, tó wà níbẹ̀, ló sọ irú àwòrán yìí ní giclée, láti ara gicler ti èdè Faransé. Àwa tí a kàwé ní Faransé máa ń rẹ́rìn-ín díẹ̀ tí a bá rí orúkọ yìí lára àwòrán olówó iyebíye, nítorí gicler kò ju kí omi tú pẹ̀ẹ́ jáde lọ.

Orúkọ náà lẹ́wà, àmọ́ yíǹkì inú Iris, aró ni. Kò sẹ́ni tó ṣe é fún ọdún mẹ́wàá. Ẹni tó ń dán iṣẹ́ wò yóò jù ú nù lọ́la. Kò pẹ́ tí àwọn àwòrán yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá. Nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré ti ilé wá dé ọwọ́ gbogbo ayé, wàhálà kan náà bá a wá. Ní ọdún 2000, Epson gbé Stylus Photo 870 àti 1270 jáde, àwòrán wọn dára gan-an, ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ti àwọn ẹlòmíràn ti di àwọ̀ ọsàn. Wọ́n wádìí rẹ̀, wọ́n rí i pé ozone inú afẹ́fẹ́ ló ń jẹ aró náà lórí ìwé tó ń tètè gbẹ. Nítorí náà, kì í ṣe oòrùn nìkan là ń sá fún.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí ọ̀rọ̀ yíǹkì yìí, torí òun ni gbòǹgbò. Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan jẹ́ aró, tó yọ́ sínú omi pátápátá. Èkejì jẹ́ lẹ́búlẹ́bú, àwọ̀ tí wọ́n lọ̀ kúnná bí osùn, tí kì í yọ́, tó kàn ń léfòó nínú omi títí tí yóò fi jókòó sórí ìwé. Èyí ni àwọn Faransé ń pè ní pigment. Bí ìmọ́lẹ̀ bá já aró, kò sí ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá já ojú ẹyọ lẹ́búlẹ́bú kan, inú rẹ̀ ṣì wà, gẹ́gẹ́ bí òjò ṣe ń fọ ojú ebè tí ebè kò fi tètè wó.

Fún dúdú-funfun, ìṣòro kejì tún wà. Ẹ̀rọ tí a ń lò fún àwòrán aláwọ̀ kì í fẹ́ fi yíǹkì dúdú nìkan tẹ ojú ènìyàn. Kí nìdí? Nítorí ẹ̀kán dúdú gidi lórí ibi tó yẹ kó mọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́ yóò hàn bí ata tí a bù wọ́n ẹ̀kọ funfun. Nítorí náà, ó ń po búlúù, pupa àti àwọ̀ ìyeyè pọ̀ kó lè rí àwọ̀ eérú. Bí ọ̀kan bá pọ̀ jù díẹ̀, ojú bàbá àgbà yóò ní àwọ̀ ewé. Bí wọ́n bá sì dọ́gba lónìí, wọn kì í ṣá lẹ́sẹ̀ kan náà; èyí tó bá kọ́kọ́ lọ ni yóò fi àwọn yòókù hàn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lára ògiri pálọ̀ wa nìyẹn. Lẹ́búlẹ́bú pàápàá kò kọ́kọ́ tán ìṣòro yìí. Stylus Photo 2000P tí Epson gbé jáde ní 2000 kan náà kì í tètè ṣá, àmọ́ fótò dúdú-funfun inú rẹ̀ tó dára lábẹ́ iná ilé á di àwọ̀ ewé tí a bá gbé e síta.

Ẹni tó rí ọ̀nà mìíràn ni Jon Cone, atẹ̀wé kan ní Vermont. Ó kó gbogbo yíǹkì aláwọ̀ kúrò nínú ẹ̀rọ, ó fi dúdú mẹ́rin rọ́pò wọn: ọ̀kan dúdú kíkún, àwọn yòókù jẹ́ dúdú kan náà tí a ti là, tí ọ̀kan fẹ́lẹ́ ju èkejì lọ. Ó sọ ọ́ ní Piezography, ó sì kó o dé ọjà ní nǹkan bí ọdún 2000. Ibi tó mọ́ lára àwòrán, yíǹkì fẹ́lẹ́ ni yóò tẹ̀ ẹ́, ata kò sì ní hàn lórí ẹ̀kọ mọ́. Dúdú tí wọ́n fi ṣe é, èédú ni, ìyẹn carbone. Paul Roark náà, ní Amẹ́ríkà, ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí yíǹkì èédú, ó sì fi bí a ṣe ń là á hàn fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́.

Kì í ṣe ohun tuntun ni èédú nínú fótò. Poitevin, ará Faransé, ti fi èédú tẹ fótò ní 1855, Swan sì mú un rọrùn ní 1864. Fún àwa gan-an, kò ṣàjèjì rárá. Àwọn àlùfáà wa ní Àjàṣẹ́ mọ tàdáwà dáadáa. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, dúdú èéfín tí a pò mọ́ oje igi ni wọ́n fi ń ṣe tàdáwà tí wọ́n fi ń kọ wàláà. Omi lè fọ̀ ọ́ kúrò lórí pátákó, ṣùgbọ́n oòrùn kò lè mú un ṣá. Àwọn ará Íjíbítì fi irú rẹ̀ kọ̀wé láti ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a sì ń kà á lónìí. Àléébù kan tí èédú ní ni pé dúdú rẹ̀ kò mọ́ tónítóní. Ó ní pupa díẹ̀ nínú. Ẹni tó bá fẹ́ dúdú tútù yóò fi búlúù díẹ̀ sí i, búlúù yẹn ni yóò sì kọ́kọ́ lọ. Ní tiwa, ẹ jẹ́ kó pọ́n díẹ̀. Fótò àwọn bàbá wa gan-an kò tutù tó bẹ́ẹ̀.

Roy Harrington wá kọ ètò kọ̀ǹpútà kan, QuadTone RIP, tí wọ́n ń tà ní 50 dọ́là nígbà náà, tó jẹ́ kí ènìyàn lè sọ fún ẹ̀rọ rẹ̀ iye tí yíǹkì kọ̀ọ̀kan yóò dà. Ní 2005, Epson fúnra rẹ̀ gbé yíǹkì UltraChrome K3 jáde pẹ̀lú R2400: lẹ́búlẹ́bú ni, dúdú mẹ́ta ló ń lò lẹ́ẹ̀kan náà, ètò dúdú-funfun kan sì wà nínú ẹ̀rọ náà tó ń fi dúdú ṣe iṣẹ́, tí àwọ̀ yòókù kò ju fínfín lọ. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ní owó àti sùúrù lè tẹ fótò dúdú-funfun tó lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti fàdákà.

Owó yẹn gan-an ni ìṣòro wa. Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ oní-táńkì tí wọ́n ń fi tẹ fótò ní ìsọ̀ ojú títì, aró ló wà nínú wọn, nítorí pé ó pọ́ọ́kú, ó sì ń dán. A kò dá àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ lẹ́bi. Iye tí a fẹ́ san ni wọ́n ń tẹ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n a lè béèrè: ṣé aró ni àbí pigment? Ìwé wo lẹ ń lò? Ìwé tí wọ́n fi òwú ṣe dára jù. Èyí tó funfun jù lọ máa ń ní oògùn ìmúfunfun, irú èyí tó wà nínú ọṣẹ ìfọṣọ, agbára oògùn yẹn sì máa ń tán, ìwé á wá pọ́n. Bí aró nìkan bá wà, kí wọ́n fi gíláàsì bò ó, ká má sì gbé e kọ́ síbi tí oòrùn ti ń wọlé.

Ti ètò kọ̀ǹpútà, ariwo rẹ̀ pọ̀ ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Photoshop dé ní 1990, GIMP, tí a kì í sanwó fún, ní 1996, èyíkéyìí nínú wọn ló tó fún ohun tí à ń ṣe. Ibi tí ọkàn wa kò ti balẹ̀ ni ibi tí wọ́n ti ń pè é ní títún àwòrán ṣe. Àlẹ̀mọ́ kan wà nínú Photoshop tí ti Faransé ń pè ní Antipoussière. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wá ìlà tínínrín tó yàtọ̀ sí ohun tó yí i ká, kó sì pa á rẹ́. Ó ń pa ìlà tí ìwé ya sí rẹ́, ó dára. Ṣùgbọ́n kí ni ilà ojú jẹ́ nínú fótò dúdú-funfun? Ìlà tínínrín tó yàtọ̀ sí ohun tó yí i ká ni. Ẹ̀rọ kò mọ èyí tí èékánná fà lórí ìwé yàtọ̀ sí èyí tí olóòlà kọ sójú ọmọ Ṣábẹ. Àwọn ètò orí fóònù ti ìsinsìnyí tún burú jù: wọn kì í nu ojú, ojú mìíràn ni wọ́n ń fọwọ́ ara wọn dá. Ẹ óò rí ìyá àgbà tí awọ rẹ̀ jọ̀lọ̀, tí eyín rẹ̀ pé, tí ilà rẹ̀ ti lọ. Kì í ṣe ìyá àgbà mọ́. Onífótò Ìlá tó tẹ Táyé lẹ́ẹ̀mejì mọ ohun tó ń ṣe, ìyá ìbejì náà mọ̀ ọ́n. Ta ló rán fóònù níṣẹ́ tirẹ̀?

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ tẹ ẹ̀dà, ẹ ní kí wọ́n fi sikánà da fótò náà kọ, kì í ṣe fóònù, ní 600 ó kéré tán, kí wọ́n fi pamọ́ ní TIFF láìtíì fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ̀dà yẹn ni kẹ́ ẹ mú lọ sílé. Èyí tí wọ́n bá fẹ́ nù, kí wọ́n nu ti ẹlòmíràn, kí wọ́n sì fi ọwọ́ nù ún díẹ̀díẹ̀, kí ẹnì kan tó mọ ojú olóògbé jókòó tì wọ́n. Fótò fàdákà gan-an, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ ní ìsọ̀, ẹ má sì jù ú nù torí pé èyí tó tóbi ti wà lára ògiri. Inú àpò ìwé ni kó wà, kì í ṣe inú ọ̀rá, níbi tó gbẹ.

Ní oṣù kẹrin 2014, École du Patrimoine Africain ní Àjàṣẹ́ gba àwọn onífótò àti àwọn olùtọ́jú àwòrán láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ lálejò, kí wọ́n lè kọ́ bí a ti ń tọ́jú fótò ilẹ̀ Áfíríkà. Ilé-ẹ̀kọ́ náà kò jìnnà sí wa. Bí ẹ bá ní páálí négátíìfù tí bàbá yín onífótò fi sílẹ̀ ní Kétu, ní Pobè, ní Ṣábẹ, tàbí lọ́hùn-ún ní Atakpamé, ẹ kọ orúkọ ìlú àti ọdún tí ẹ bá mọ̀ síbí. Ẹni tó bá sì mọ ìsọ̀ kan ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Kútọnu tó ń fi pigment tẹ̀wé ní iye tí tálákà lè san, kó jọ̀ọ́ sọ fún wa.